Àtè kọ́ o, ìpara ni

Ẹ̀yin ará mi,

Ẹ kú ìjíròrò o. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: àbúrò wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọ̀tígbà, n'Ìkẹjà, fẹ́ kọ ìlànà iṣẹ́ sílẹ̀ ní Yorùbá fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wá orúkọ fún nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń fi sáàárín pírósẹ́sọ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) àti irin tí fáànù ń fẹ́ sí, èyí tí wọ́n gbọ́dọ̀ mú kúrò tó bá ti gbó kí wọ́n tó fi tuntun síbẹ̀. "Péèsì" ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìbàdàn ní ká pè é ní àtè. Ìyá wa kan dá àbá ìpara ìgbóná.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ àtè. Ẹyẹ la fi ń mú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó di nǹkan mú kó má lè lọ. Skúrù àti ìdè ló di irin yẹn mọ́ pírósẹ́sọ̀, péèsì ò di nǹkan kan mú. Ojú irin méjèèjì lè máa dán gbinrin lójú wa, ihò tíntìntín ló kún ibẹ̀, atẹ́gùn ló sì ń há sínú wọn. Atẹ́gùn ò mọ ooru í gbé. Péèsì ló ń dí àwọn ihò yẹn, kí ooru pírósẹ́sọ̀ lè kọjá sínú irin. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onífísíìsì fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń gbé ooru tó, bàbà tó nǹkan bí 400, atẹ́gùn ò tó 0.03. Ọ̀pọ̀ péèsì tó dáa ò ju bíi 4 sí 12 lọ. Kò súnmọ́ bàbà rárá! Ó kàn sàn ju atẹ́gùn lọ fíìfíì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá bù ú lé e gègèrè fi ń ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́: bí hóró ẹ̀wà kan ti tó. Fẹ́ẹ́rẹ́ la ń fi í pa nǹkan, bí ẹni fi òrí para. Ìpara tí Ìyá wa sọ yẹn, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

"Ìgbóná" ni mi ò gbà. Ẹ lọ sọ ìpara ìgbóná létí àgbàlagbà kan, kó má rò pé ẹ rí oògùn ṣànpọ̀nná. Ooru ló yẹ. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ ọ́ bíi ti amúlétutù àti amúnáwá, kó jẹ́ "ìpara amóoru". Àmọ́ "móoru" ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe nílé: omi móoru, ara ọmọ móoru. Ìpara tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rò. Ẹ jẹ́ ká lo "gbé" bíi ti gbohùngbohùn: ìpara agbóoru.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù. Àbúrò kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i pé "e fo o daadaa". Ọmọ iṣẹ́ kan á kà á sí "ẹ fọ̀ ọ́", á gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Èkejì á kà á sí "ẹ fọ́ ọ", á wá òòlù lọ. Ẹnì kan ní "họ" ló tọ̀nà. Ẹni tó bá ti jìyà họ ló ń bá yín sọ̀rọ̀: ọbẹ ni mo fi họ ti láptọ́ọ̀bù mi nígbà kan. Ti láptọ́ọ̀bù kì í sábà ní ìdérí irin bíi ti kọ̀ǹpútà ńlá, ojú tín-ín-rín tó dà bíi dígí yẹn ló wà ní ìhòòhò. Igun rẹ̀ kán. Ẹ̀rọ náà ò jí mọ́ títí dòní.

Nù ni ká sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ti gbẹ kì í gbọ́ ti nínù lásán, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ fi orúkọ kan kún un. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbóná tó ń tutù fún ọdún mélòó kan, òróró inú ìpara á máa yà lọ díẹ̀díẹ̀, á wá ku ìyẹ̀fun rẹ̀ (zinc oxide ló sábà máa ń jẹ́ nínú àwọn funfun), á sì gan. Ìyẹn kì í ṣe ìpara mọ́, èépá ni. Kò sí ọmọ tó ti ṣubú rí tí kò mọ̀ pé a kì í já èépá egbò ní gbígbẹ, a máa ń rin ín kó rọ̀. Ẹ pè é ní èépá, ọmọ iṣẹ́ ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà kó tó débẹ̀. Kó fi ọtí ìnu-ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní isopropyl, tó lé ní 90%, rin ín (nínú èyí tó jẹ́ 70%, nǹkan bí 30% ló jẹ́ omi), kó ní sùúrù díẹ̀, kó wá fi aṣọ tí kì í ta fọ́nrán nù ún láti etí wá sáàárín. Kó fi òwú sílẹ̀.

Mo mọ ohun tí Ẹ̀gbọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní tí kì í bá ṣe àtè, kí ló dé tí wọ́n ń fa irin fáànù sókè tí pírósẹ́sọ̀ ilé iṣẹ́ AMD ń bá a jáde, tòun ti píìnì 1,331 tó wà lábẹ́ irú wọn tí wọ́n ń pè ní AM4? Òótọ́ ni, mo ti rí i, píìnì sì tẹ̀. Èépá náà kúkú ń lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ tan ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wá máa yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e.

Irú péèsì kan tó jẹ́ irin olómi, tí irin tí wọ́n ń pè ní gallium wà nínú rẹ̀ tó sì ń jẹ alumíníọ́mù, kì í ṣe ìpara ní tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ dìgbà mìíràn.

Ẹ̀yin ará Èkìtì àti Oǹdó, kí lẹ ń pe èépá egbò lọ́dọ̀ yín? Tí tiyín bá dùn lẹ́nu jù, mo ṣetán láti fi tèmi sílẹ̀.