Ẹ̀yin tí ẹ ń fi laptop kọ̀ǹpáìlì fún Raspberry Pi, ẹ wá sọ tiyín

Àkànbí_Ìbàdàn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Pi Zero W ni tèmi, kọ̀ǹpútà kékeré kan, RAM 512MB. Mo ní kó kọ̀ǹpáìlì ètò C++ kan (kó sọ kóòdù rẹ̀ di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ lé lórí), mo sùn, mo jí, kò tíì dé ìdajì. Iná wá lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo laptop fún un, báwo ló ṣe rí?

Ìyá_Kernel: Ó rọrùn. Kernel, ọkàn Linux, ni mo ń kọ̀ǹpáìlì: `make ARCH=arm CROSS_COMPILE=arm-linux-gnueabihf- -j8 zImage`. Kí n ro àmàlà kí n jẹ ẹ́ tán, ó ti parí.

Dáre: Àmàlà ta ni? Tèmi kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Gentoo_Àlàní: Màmá, ẹ má bínú o, kernel ni tiyín rọrùn, torí kì í bá libc (àkójọ kóòdù tí àwọn ètò C ń lò) ṣe. Ọ̀rẹ́ mi kan gba gcc armhf ti Debian (compiler fún processor ARM), ó kọ̀ǹpáìlì ètò rẹ̀ láìsí wàhálà kankan, ó gbé e sórí Pi Zero. `Illegal instruction`. Ó ní káàdì SD ló bàjẹ́, ó lọ ra òmíràn! Bẹ́ẹ̀, ARMv7 ni armhf Debian, ARMv6 ni Pi Zero, processor àtijọ́ tí kò gbọ́ àwọn àṣẹ ARMv7. Raspberry Pi OS náà ń pe tiẹ̀ ní armhf, àmọ́ ARMv6 ni wọ́n ṣe é fún.

Abẹ̀kẹ́: Ó lọ ra káàdì 😂😂😂

Dáre: Ọ̀rẹ́ rẹ, àbí ìwọ fúnra rẹ?

Gentoo_Àlàní: Ọ̀rẹ́ mi ni jàre.

Àkànbí_Ìbàdàn: Tí mo bá fi `-march=armv6` sí i ńkọ́?

Ìyá_Kernel: Kò tó, ọmọ mi. Kọ́ọ̀dù tìrẹ á di ARMv6, àmọ́ crt1.o (fáìlì tó ń bẹ̀rẹ̀ ètò) àti libc tí compiler yẹn gbé wá ṣì jẹ́ ARMv7. Àlàní ò parọ́ níbẹ̀.

Sẹ́gun_Go: Ẹ lo èdè Go: `GOOS=linux GOARCH=arm GOARM=6 CGO_ENABLED=0 go build`. Ó tán.

Abẹ̀kẹ́: Ẹni tó ní C++ lọ́wọ́, o ní kó lọ fi Go tún un kọ?

Sẹ́gun_Go: Á ṣì parí ṣáájú Pi yẹn.

Abẹ̀kẹ́: Gbogbo ọ̀rọ̀ ni ẹ̀yin ará Go máa ń sọ di tiyín.

Ẹ̀gbọ́n_Lékan: Mo ti lo distcc, tó ń pín iṣẹ́ kọ̀ǹpáìlì fún kọ̀ǹpútà mìíràn. Pi ló ń ṣe preprocess (ìpalẹ̀mọ́ kóòdù), laptop ń kọ̀ǹpáìlì, ṣùgbọ́n tó bá di linking (síso gbogbo rẹ̀ pọ̀), Pi nìkan ni ẹrù kù sí lọ́rùn. Mo pa á tì. Ní báyìí mo tú Raspberry Pi OS sínú fódà kan lórí laptop, mo fi chroot wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé orí Pi ni mo wà, qemu-arm ń ṣe bí ARM.

Gentoo_Àlàní: Ẹ̀gbọ́n, QEMU mà lọ́ra o.

Ẹ̀gbọ́n_Lékan: Ó lọ́ra, mo gbà. Ṣùgbọ́n laptop mi ní 16GB, kì í lọ wá swap (àfikún RAM) sórí káàdì SD. Library tó wà níbẹ̀ náà ló wà lórí Pi, torí náà mi ò rí `GLIBC_2.34 not found` mọ́, ìyẹn libc tí kò bára mu.

Àkànbí_Ìbàdàn: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi rsync kó /lib àti /usr láti orí Pi ṣe sysroot (ẹ̀dà fáìlì Pi tí compiler á máa lò). Compiler ní òun ò rí libm, library ìṣirò.

Ìyá_Kernel: Wo àwọn symlink (fáìlì tó ń tọ́ka sí òmíràn) rẹ. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ láti / ń tọ́ka sí laptop rẹ ni.

Dáre: Ẹ tiẹ̀ sọ ibi tí wọ́n ti ń ta àmàlà yẹn.