Pákó ìrókò lórí àtẹ̀gùn kọnkéré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin káfíńtà. Ìjẹ̀bú-Òde nilé wa wà. Táìsì orí àtẹ̀gùn wa ń yọ̀, ó ti gbé ìyá mi ṣubú lẹ́ẹ̀kan, la bá wú u dànù. Mo ti ra pákó ìrókò tó nípọn tó ínṣì 1. Ṣé gọ́ọ̀mù nìkan tó, àbí ká fi síkúrù kún un?

Èyí tó ká mi lára jù: bí pákó bá gorí gbogbo ìpele, ti ìsàlẹ̀ pátápátá á ga ju àwọn yòókù lọ, tòkè pátápátá á sì kúrú, torí a ò ní fọwọ́ kan ilẹ̀ òkè. Ẹsẹ̀ àgbà á kọ́ níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń yanjú ẹ̀?

Òjò ṣì ń rọ̀, pákó ọ̀hún ò sì gbẹ lójú tèmi (káfíńtà wa ní ó gbẹ, owó iṣẹ́ ló ń lé). Ṣé kí n dúró de ọyẹ́ ni?