SNR margin kì í ṣe "ìwọ̀n ariwo" o, "ìfaradà" ló yẹ ká máa pè é

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó to àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ojú ìwé mọ́démù DSL (íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba wáyà tẹlifóònù wọlé) kalẹ̀ lánàá ṣe bẹbẹ, mo sì fara mọ́ púpọ̀ nínú wọn, àmọ́ èyí tí ẹ ti ní ká máa pe SNR margin (ìyẹn bí àmì láìnì ṣe ga tó ju èyí tó nílò lọ kí ariwo má baà bò ó) ní "ìwọ̀n ariwo" yẹn, mi ò lè gbà á, kì í ṣe pé kò dùn létí o, ó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni, ó sì ti ṣẹlẹ̀ lójú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí pé íntánẹ́ẹ̀tì àwọn ń wọ́ bí ìgbín, mo ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé mọ́démù kí wọ́n ka ohun tí wọ́n bá rí fún mi. Wọ́n dé orí SNR margin, wọ́n ní 14. Èmi fúnra mi ni mo ti sọ fún wọn nígbà kan pé ìwọ̀n ariwo nìyẹn, ni wọ́n bá figbe ta, "14 kẹ̀! Ariwo yìí ti pọ̀ jù." Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi pààrọ̀ wáyà, wọ́n yọ fíltà, wọ́n fi òmíì sí i, wọ́n ṣáà ń wá bí 14 yẹn ṣe máa wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ 14 yẹn gan-an ló ń sọ pé ara láìnì le koko. Ìgbà tí wọ́n fi kéébù so kọ̀ǹpútà mọ́ mọ́démù ni gbogbo ẹ̀ wá ń lọ geere, Wi-Fi ló ń dààmú wọn látọjọ́ yìí.

Kò sí wáyà tí ariwo ò sí nínú ẹ̀. Kí mọ́démù tó lè gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà nídìí kejì wáyà ń sọ, àmì tó ń gbé ọ̀rọ̀ wá gbọ́dọ̀ ga ju ariwo lọ dé ìwọ̀n kan, iyára tí àwọn méjèèjì bá jọ fẹnu kò sí ló sì ń pinnu ìwọ̀n yẹn, bí iyára bá ṣe pọ̀ tó ni àmì gbọ́dọ̀ ṣe ga ju ariwo lọ tó. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lórí èyí tí wọ́n nílò ni SNR margin. Tó bá jẹ́ 6 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn ìyàtọ̀ agbára), tó jẹ́ pé òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń fojú sùn tí wọ́n bá ń dá iyára, a jẹ́ pé agbára ariwo ṣì lè di ìlọ́po mẹ́rin kí láìnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Tó bá ti wá sí 1 tàbí 2, kí ẹnì kan ṣáà tan mọ́tò ẹ̀rọ kan ní yàrá kejì, láìnì ti já.

Ẹ wá fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú gbólóhùn kẹ́ ẹ wò ó. "Ìwọ̀n ariwo láìnì mi ti wálẹ̀ sí 2." Ta ni ò ní bá a yọ̀? "Ìfaradà láìnì mi ti wálẹ̀ sí 2." Ọmọdé pàápàá máa mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́. Ohun tí mo ń wá nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn, kí ẹni tó gbọ́ ọ mọ èyí tó dáa, bóyá kó gòkè ni àbí kó wálẹ̀. "Àlàfo" tí ẹlòmíì mú wá ò burú, torí lóòótọ́ àlàfo ni, àmọ́ kò sọ ibi tí rere wà.

Ẹni tó sọ pé ìfaradà jẹ́ ìwà ọmọ èèyàn, pé ẹ̀rọ ò ní sùúrù, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n ṣebí a ń sọ pé àgbàdo kan ń fara da ọ̀dá, ta ló wá gbà pé àgbàdo ní sùúrù? Ohun tó bá ń jẹ ìyà tí ò ṣubú ló ń fara dà.

Attenuation, ìyẹn bí agbára àmì ṣe ń relẹ̀ bó ṣe ń gba inú wáyà bọ̀, ńkọ́? Ẹ ní "ìdínkù." Ìdínkù dà bíi pé ẹnì kan jókòó ó dín in kù, bí ìgbà tí wọ́n dín owó ọjà kù, èyí sì rèé wáyà ló ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Mo fara mọ́ "àdánù ojú ọ̀nà." Tó bá jẹ́ 40 dB, ìdá kan nínú 10,000 agbára tó gbéra ló dé ọ̀dọ̀ yín, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ lè fi tún èyí tí ọ̀nà jíjìn fà ṣe nínú ilé.

"Àṣìṣe àtúnṣe" tẹ́ ẹ fún FEC (òun àti CRC ni mọ́démù fi ń ka àṣìṣe tó bá dé), ẹ jọ̀ọ́ ẹ yí i padà, ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rò pé ibi àtúnṣe ni wọ́n ti ṣàṣìṣe. Ẹ kàn pe FEC ní "àtúnṣe," ẹ pe CRC ní "ìbàjẹ́," torí ti àkọ́kọ́ mọ́démù ti tún un ṣe fúnra ẹ̀, ìkejì ti bàjẹ́ pátápátá, àfi kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́.

Láìnì tèmi alára ni mo fi dán "ìfaradà" wò. Lọ́sàn-án ó wà ní 9, tílẹ̀ bá ti ṣú á máa yọ́ wálẹ̀, 5, 3, 1, á sì já, ìbàjẹ́ á sì ti fò sókè kó tó já. ADSL2+, irú DSL tí mo ń lò, ń lo ìgbì títí dé bíi 2.2 MHz, ojú ọ̀nà yẹn náà sì ni rédíò AM wà, tó jẹ́ pé alẹ́ ni ohùn ẹ̀ máa ń rìn jìnnà jù. Ohun tó ń gbé rédíò wọlé fún mi ni wáyà gígùn kan tó gba ẹ̀yìn àpótí ìwé lọ sídìí tẹlifóònù tẹ́nikẹ́ni ò lò mọ́. Mo yọ ọ́, mo gbé mọ́démù lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wáyà ìta ti wọlé, látìgbà yẹn ìfaradà ò kọjá 7 wálẹ̀ mọ́ lóru. (Ẹ má sì máa pa mọ́démù tàn án léraléra tẹ́ ẹ bá ń wá irú àrùn yìí, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì lè rò pé láìnì ò dúró, kó gé iyára yín.)

Interleaving ni ò tíì yé mi bá a ṣe máa pè é. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tú ká kí ariwo òjijì má baà ba odindi jẹ́, tí wọ́n á tún un tò tó bá dé, tó sì ń fa ìdádúró díẹ̀. "Ìdàpọ̀" tẹ́ ẹ kọ ò sọ nǹkan kan nípa ìtúká yẹn. Mo ń ro "ìfọ́nká," àmọ́ ìyẹn náà ò sọ pé wọ́n á tún un tò. Ta ló ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀?