Àlejò ni àbí àjèjì? Lórí ọmọ tó já bọ́ láti òfúrufú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa n'Ílọrin ti béèrè pé kí la máa pe alien, ẹ̀dá tó wá láti òfúrufú, àti lonely lédè wa ni mo ti ń ka èsì yín. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ní "ará ọ̀run", ẹnì kan ní "àjèjì inú òfúrufú", bùrọ̀dá wa tó wà ní Jos ní ká kúkú kọ ọ́ ní "élíẹ̀nì" ká lọ sùn. Mo fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo ti dán díẹ̀ wò nínú àwọn ọ̀rọ̀ yẹn lórí ọmọ èèyàn, ojú mi sì rí nǹkan.

Mo máa ń kó àwọn ọmọ kọ́ńpáǹdì wa jọ sí pálọ̀ mi ní Kubwa l'Abuja níbí lọ́sàn-án Sátidé kí wọ́n lè gbọ́ Yorùbá díẹ̀ sétí, torí ọ̀pọ̀ wọn, Gẹ̀ẹ́sì àti Hausa ni wọ́n fi ń jà. A máa ń wo fíìmù, èmi á máa túmọ̀ ẹ̀ lẹ́nu bó ṣe ń lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn Doctor Who la wò, fíìmù tẹlifíṣọ̀n nípa ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Doctor tó ń rìn kiri inú òfúrufú, apá tí wọ́n ń pè ní Fear Her, tí BBC gbé jáde lọ́dún 2006. Fún ẹni tí ò wò ó, ẹ̀dá kékeré kan ló wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Isolus, ọmọdé ni, òun àtàwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ bílíọ̀nù mẹ́rin ni wọ́n jọ ń fò kiri inú òfúrufú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n fi ń dàgbà, eré ni wọ́n sì fi ń ti àkókò yẹn. Ni iná kan bá bú jáde lára oòrùn, ó tú wọn ká, òun já bọ́ sí àdúgbò kan ní London, ó wá kó sára ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Chloe torí ó rí i pé bó ṣe ń ṣe òun náà ló ń ṣe ọmọ yẹn. Chloe bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán àwọn ọmọ àdúgbò, ẹni tó bá ti yà báyìí, ó pòórá lójú títì nìyẹn, ó ti di inú ìwé. Kì í ṣe ìkà o, kó lè rẹ́ni bá ṣeré ni.

Iná ti lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù la fi ń wò ó, ẹ̀pà sísè wà nínú abọ́ láàárín ẹní, èèpo ẹ̀ ti kún ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, mo ní "ará ọ̀run kan ti bọ́ sílé ayé". Ọmọ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún méje kàn yíjú sí mi, ó ní ṣé bàbá àgbà òun náà wà nínú ohun tó já bọ́ yẹn ni, torí màmá òun ní bàbá àgbà ti lọ sọ́run lọ́dún tó kọjá. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ará ọ̀run ti ní ẹni tó ni ín. Òkú ni, eégún ni, ẹgbẹ́ tó ń fa àbíkú lẹ́yìn ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn màmá ọmọ yẹn pè mí pé ọmọ ò sùn, kí ni mo sọ fún un.

Ọmọ mìíràn ní ṣé egbére ni, torí pé ó ń sunkún kiri. Ó bọ́gbọ́n mu o, ẹni tó sọ ìtàn egbére fún ọmọ yẹn kú iṣẹ́, àmọ́ egbére lẹ́ní, wọ́n á sì gba ẹní ẹ̀ lọ di olówó, a ò lè gbé ìyẹn wọnú ọ̀rọ̀ yìí.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bọ́ sórí "àjèjì", ó sì ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, àfi ìgbà tí ọmọ aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa béèrè lọ́wọ́ èyí tó jókòó tì í pé "baƙo ne?" tí ìyẹn sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ibẹ̀ lojú mi là. Lọ́dọ̀ Hausa, baƙo ni àjèjì, baƙo náà ni àlejò, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n tiẹ̀ máa ń sọ pé "baƙonka annabinka", pé àlejò rẹ, wòlíì rẹ ni. Àwa pín tiwa sí méjì. Àjèjì lẹni tá ò mọ̀. Àlejò lẹni tá ò mọ̀ tá a ti ní kó jókòó, tá a ti gbé omi fún. Ẹ wá wo fíìmù yẹn padà: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àjèjì ni Isolus, àwọn ará àdúgbò ń bẹ̀rù, ọmọ wọn ń sọnù. Nígbà tí Doctor bá a sọ̀rọ̀ tó bi í pé kí ló ń wá, ó ti di àlejò. Nítorí náà, èmi ò gbà pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ ká mú. Kí ẹni tó bá ń túmọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àjèjì, kó yí i padà sí àlejò nígbà tí ìtàn náà bá yí, kó má ṣàlàyé, ọmọ á gbọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì ò rí ìyẹn ṣe. Tẹ́ ẹ bá sì ń wí pé àlejò ti wọ́pọ̀ jù fún ẹ̀dá òfúrufú, ẹ rántí pé alien tàwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, ẹni tó wá láti ìlú mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó nà án dé ojú sánmọ̀.

Mo tún fẹ́ fi èyí kún un. Lọ́dún 1977 tí Amẹ́ríkà ju ọkọ̀ òfúrufú Voyager sókè, wọ́n fi àwo orin kan sínú ẹ̀ tó ní ìkíni ní èdè 55, kí ẹni tó bá pàdé ẹ̀ lọ́hùn-ún lè gbọ́. Yorùbá ò sí níbẹ̀, Hausa ò sí níbẹ̀, ó sì dùn mí, torí ta ló mọ̀ ọ́n kí tó wa? Àmọ́ èyí tí wọ́n sọ ní èdè Amoy, láti ilẹ̀ Ṣáínà, béèrè lọ́wọ́ àwọn ará òfúrufú pé ṣé wọ́n ti jẹun, ó ní kí wọ́n yà sọ́dọ̀ wa tí àyè bá wà. Ẹ sọ fún mi, àjèjì lẹ máa ń bi bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó ní "àtọ̀húnrìnwá", ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bàbá mi lo ogójì ọdún ní Sabon Gari Zaria, baƙo ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún, kò bí wọn nínú. Ìgbà tí wọ́n padà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìbátan wọn kan pè wọ́n ní àtọ̀húnrìnwá níbi ìpàdé ẹbí, lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, wọn ò sì lọ síbi ìpàdé yẹn mọ́ títí wọ́n fi kú. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń lé èèyàn nídìí ilẹ̀ kọ́ la máa fi pe ọmọ tó ń wá ẹni bá ṣeré.

Ó wá ku lonely, òun ló tiẹ̀ le jù. Àǹtí wa tó ń ṣe tíṣà ní Kàdúná ní "ìdánìkanwà", gbogbo yín sì ń ṣe àmín. Èmi ò ṣe. Ìdánìkanwà kàn sọ iye èèyàn tó wà níbẹ̀ ni, kò sọ ohun tó ń ṣe onítọ̀hún. Wòlíì tó gorí òkè lọ gbàdúrà fọ́jọ́ méje dá nìkan wà, inú ẹ̀ sì ń dùn. Ó dà bí ìgbà tèèyàn bá ń pe ebi ní àìjẹun, ẹni tó gbààwẹ̀ ò jẹun, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí náà ò tíì jẹun, ṣé gbogbo wọn lebi ń pa ni? Lọ́dọ̀ wa, nǹkan náà ló máa ń wá bá èèyàn: ebi ń pa á, òtútù ń mú un, ẹ̀rù ń bà á, àárò ń sọ ọ́. (Ẹ bá mi fi àmì sí i dáadáa o, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù láìsí àmì, àárọ̀ kùtùkùtù tàbí ààrò ìdáná ni mo máa kà.) Fún Isolus, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀, àárò àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹ̀ ló ń sọ ọ́. Hausa náà yà á sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, kaɗaici ni kéèyàn dá wà, kewa ni ti àárò, ẹni tí wọn ò bá rí fọ́jọ́ mẹ́ta wọ́n á ní "na yi kewarka".

Chloe ni mo wá há sí. Àárò gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín, àárò ilé, àárò ọ̀rẹ́, tàbí àárò ta? Màmá ẹ̀ wà nílé, nítorí náà kò dá nìkan wà. Bàbá ẹ̀ ti kú lóòótọ́, àmọ́ oníwà ipá ni bàbá ọ̀hún nígbà ayé ẹ̀, ọmọ yẹn ṣì ń lá a lóru, ó tiẹ̀ ya àwòrán ẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ẹ̀rù ẹ̀ ló ń bà á, àárò kọ́. Òun àti màmá ẹ̀ ò sì bára wọn sọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo kàn sọ pé "kò rẹ́ni bá ṣeré", a lọ, ṣùgbọ́n ó ń jẹ mí lọ́kàn. Lálẹ́ mo pe màmá mi, mo rò ó fún wọn bí ẹni pé ọmọ àdúgbò ni, mi ò sọ pé fíìmù ni. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn ò ní alábàárò ni. Ta ni ìyá ẹ̀?" Wọ́n ṣì ń béèrè ọmọ yẹn títí dòní, wọ́n ti fi í sínú àdúrà, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ pé orí tẹlifíṣọ̀n ló ń gbé.

Alábàárò! Ẹ má jẹ́ kí etí tàn yín jẹ, rò inú ẹ̀ ni rò tá à ń sọ pé "ẹ jẹ́ ká jọ rò ó", kì í ṣe àárò tàkọ́kọ́ yẹn. Ẹni tí ò ní alábàárò lè wà láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn ní Wuse Market kó máa ná tòmátò. Nítorí náà, tó bá jẹ́ tèmi, àárò fún ọmọ òfúrufú, àìní alábàárò fún ọmọ London, kí ẹ fi ìdánìkanwà sílẹ̀ fún wòlíì orí òkè.

Àbúrò wa tó ní ká pe Isolus fúnra ẹ̀ ní "Adáwà", ó dùn létí, mo sì mọ̀ pé Látìn solus ló ń wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní bílíọ̀nù mẹ́rin lọ́mọ ìyá, Adáwà báwo?

Èyí tó kù ni ohun kékeré tó gbé e wá, pod. Ooru ló ń gbé e ró, ìdí nìyẹn tó fi lọ fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀dà gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi dí kòtò títì (àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ibo ni wọ́n ti ń dí kòtò kíá báyẹn), tí wọ́n sì padà jù ú sínú iná Òlíńpíìkì 2012 kó lè lágbára fò lọ sílé. Mo fẹ́ pè é ní ọkọ̀, wọ́n ní ó kéré jù. Mo ní ẹyin, wọ́n ní kò pa nǹkan kan. Ọmọ bàbá àgbà yẹn gbé èèpo kan nílẹ̀, ó fi ojú ẹ̀pà kan padà sínú ẹ̀, ó pa á dé. Èèpo ẹ̀pà là ń pè é ní Kubwa báyìí, ẹni tó bá ní tó sàn ju ìyẹn kó mú un wá.