Kọ̀ǹpútà tí a fi tọrẹ: báwo lẹ ṣe ń ṣètò àwọn tó ń dáhùn ìbéèrè?

Alákòóso60:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láptọ́ọ̀pù 60 la pín fún ilé ẹ̀kọ́ girama mẹ́rin láti Ìsẹ́yìn títí dé Òkè-Ihò. Dell àti HP àlòkù láti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n, Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, la fi sórí gbogbo wọn. Èèyàn 11 ló yọ̀ǹda ara wọn láti máa dá àwọn tíṣà lóhùn nínú gúrúùpù WhatsApp. Bí tíṣà kan bá béèrè nǹkan lónìí, èèyàn mẹ́ta á sáré dáhùn, ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Tó bá dọ̀la, ẹlòmíràn á béèrè, kò ní rí ẹni dá a lóhùn. Báwo lẹ̀yin ṣe ń ṣe tiyín?

Sọ́jú_Ẹ̀rọ:
Ẹ kọ́kọ́ tú gúrúùpù yẹn ká. Ìbéèrè tí èèyàn 11 jọ ń wò, ewúrẹ́ àjọní ni, ebi ni yóò pa á. Ẹ gba síìmù kan ṣoṣo, ẹ fi WhatsApp Business sórí rẹ̀, kí ẹ sì so ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ ọn. Ẹni kan ni kó máa jókòó tì í lójúmọ́. Ẹ ṣe lébẹ́ẹ̀lì mẹ́rin síbẹ̀: "Tuntun", "Ó wà lọ́wọ́", "À ń retí tíṣà", "Ó ti parí". Kó tó tẹ ọ̀rọ̀ kankan, kó ti yí lébẹ́ẹ̀lì ìbéèrè náà sí "Ó wà lọ́wọ́". Ẹnu tíṣà la ti ń gbọ́ pé ó ti parí, kì í ṣe ẹnu ẹni tó dáhùn.

Ṣé nọ́ńbà wà lára àwọn ẹ̀rọ yẹn? Bí kò bá sí, ẹ kọ 01 dé 60 sí ìdí wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ṣájà kọ̀ọ̀kan, torí ṣájà ni wọ́n máa ń gbé fún ara wọn jù. Ẹ wá ní ìwé kan tó ní nọ́ńbà, irú ẹ̀rọ, ilé ẹ̀kọ́, ohun tó ṣe é, àti ohun tó wò ó sàn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn làwọn èèyàn kì í fẹ́ kọ, òun náà sì lẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́la máa wá.

Okùn_Wáyà:
Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dáhùn láìrí nǹkan mẹ́ta: nọ́ńbà ẹ̀rọ, fọ́tò ojú rẹ̀, àti iná wo ló ń tàn lára rẹ̀. "Kò ṣiṣẹ́" kì í ṣe ìbéèrè.

Tí ẹrù bá ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ẹ retí èyí: tíṣà á ní pásíwọ́ọ̀dù òun ò wọlé mọ́. Kíbọ́ọ̀dù ni ẹ ó wò. Ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì (UK) ni bọ́tìnnì rẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì lẹ yàn nígbà tí ẹ ń fi Mint sí i. Ó tẹ @ níbi tí wọ́n ya @ sí, àmì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu " ló jáde, àmì róbótóróbótó ni ojú ẹ̀rọ sì ń fi hàn, kò lè mọ̀. Ẹ ní kó tẹ Shift pẹ̀lú 2. Tó bá wọlé, kó lọ yan "English (UK)".

"Íntánẹ́ẹ̀tì ò ṣí" ńkọ́? Ẹ béèrè ọjọ́ tí aago ẹ̀rọ ń fi hàn. Bí bátìrì kékeré inú rẹ̀ (CR2032, 3V) bá ti kú, aago á padà sẹ́yìn ní ọ̀pọ̀ ọdún, bráúsà á sì máa kọ ìkìlọ̀ lórí gbogbo ojúlé. Kí wọ́n tún ọjọ́ ṣe ná, kí wọ́n tó pààrọ̀ bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, wáyà kékeré wà lára rẹ̀, ẹ má kàn ra èyí tó wà ní ìhòòhò.

Dell tó bá ń ṣiṣẹ́ àmọ́ tí bátìrì rẹ̀ ò gba iná, ẹ wo pín-ìn-nì tín-ín-rín tó wà láàárín ẹnu ṣájà. Òun ló ń sọ irú ṣájà tó jẹ́ fún ẹ̀rọ. Tó bá ti ṣẹ́, bátìrì ò ní gba iná, ẹ̀rọ náà á tún máa falẹ̀.

Tíṣà_Láàbù:
Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sórí fóònù o. Kí ẹ wọ inú ẹ̀rọ láti òkèèrè máa ń jẹ dátà, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Ẹ yan ẹnì kan ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún un ní ṣájà méjì, CR2032 márùn-ún, RAM (káàdì ìrántí inú ẹ̀rọ) méjì tó bá ẹ̀rọ wọn mu, ìrésà, àti fíláàṣì 8GB tí Mint wà lórí rẹ̀. Tí ojú ẹ̀rọ bá dúdú, kó yọ ṣájà àti bátìrì, kó tẹ bọ́tìnnì ìtanná mọ́lẹ̀ fún 30 sẹ́kọ́ńdù, kó yọ RAM, kó fi ìrésà nu ẹnu rẹ̀, kó tó dá a padà. Bátìrì tó bá wú, kó má tẹ̀ ẹ́, kó má gún un. Kó gbé e jìnnà sí ohun tó lè jó.

Kí ẹ tó pín ẹ̀rọ mìíràn, ẹ fi Timeshift pa ẹ̀dà ètò inú rẹ̀ mọ́, kí ẹ lè dá a padà sí bó ṣe wà tó bá bàjẹ́. Ó ti wà nínú Mint.

Alákòóso60:
Ẹ ṣeun gan-an. Bí ẹni tí fóònù síìmù yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá rìnrìn àjò, ṣé àwọn mẹ́rin yòókù ṣì lè máa dáhùn?

Sọ́jú_Ẹ̀rọ:
Wọ́n lè máa bá a lọ bí fóònù náà bá tilẹ̀ wà ní pípa. Àmọ́ tó bá lé ní ọjọ́ 14 tí wọn ò ṣí WhatsApp lórí fóònù yẹn, gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn ló máa já kúrò. Kó kúkú fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.