Típà ń kó yẹ̀pẹ̀ lára Eredo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ wa, ṣé kò sófin ni?

ỌmọAlárè: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ilẹ̀ bàbá wa kan wà lápá Òkè-Eri, ibi tó parí sí ni òkè Eredo wà, ìyẹn kòtò ńlá àti òkè yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ láyé àtijọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ la ti máa ń yọ̀ wálẹ̀ lọ́mọdé tójò bá rọ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wa ti gbé katapílà wá, típà ń kó yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ lọ fáwọn tó ń mọ bílọ́ọ̀kù. Mo bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní sàréè Bilikisu Sungbo nìkan lèèwọ̀, pé kò sẹ́ni tí wọ́n sin síbí. Ṣé òótọ́ ni?

ÌyáRuka: Irọ́ ni jàre. Ṣebí Bilikisu yẹn náà, tí wọ́n ní òun ni Ayaba Ṣébà, la gbọ́ pé ó ní kí wọ́n gbẹ́ Eredo. Ẹ̀rù ló ń ṣọ́ sàréè, wọ́n ní koríko ò tiẹ̀ kí ń hù lórí ẹ̀, ta ló fẹ́ kú? Kòtò ò lẹ́rù ní tiẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gbé e tà.

TíṣàÒde: Eredo yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, ó lé ní 160 kìlómítà, ibòmíì wà tó tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ kòtò dókè. Látọdún 1995 ló ti wà lórí lísìtì tí àjọ UNESCO ń gbé yẹ̀ wò bóyá kó di ogún àgbáyé, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wọlé ní 2005, tiwa ṣì jókòó. Yẹ̀pẹ̀ yẹn gan-an làwọn tó ń walẹ̀ fi mọ̀ pé ó ti tó bí 600 ọdún, ipele lórí ipele ni wọ́n ń kà á, tí katapílà bá ti dà á rú, ó tán nìyẹn. (Ayaba Ṣébà ti ayé Sólómọ́nì ti pẹ́ ju ìyẹn lọ dáadáa, ẹ má sọ fún Ìyá Ruka pé èmi ni mo wí.)

ÌyáRuka: Mo ti rí i o, Tíṣà 😂

Arẹ́mọOkùnrin: Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Jàpáánì ní 1955, wọ́n fẹ́ tú òkè ìsìnkú kan tó ń jẹ́ Itasuke ká kí wọ́n fi kọ́lé, wọ́n tiẹ̀ ti ṣe afárá tí wọ́n máa fi kó yẹ̀pẹ̀ kọjá omi, aráàlú ló fárígá. Ní 2019, ó wà lára òkè 49 tí UNESCO gbà wọlé. Àbúrò, ya fọ́tò, jẹ́ kí déètì hàn, kí nọ́ńbà típà náà hàn, kọ lẹ́tà, mú un lọ bá baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sí mùsíọ̀mù ìjọba ní Abẹ́òkúta. Àmọ́ má dá lọ bá àwọn ọmọ yẹn o.

ỌmọAlárè: Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Fọ́tò ti di mẹ́fà, òmíì tún ń bọ̀ yìí.