Ṣé kí n pe ọkọ mi wá wo fíìmù yìí?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá.

Lálẹ́ Jímọ̀, mo wo In the Mood for Love, fíìmù tí Wong Kar-wai ṣe lọ́dún 2000. Hong Kong ọdún 1962 ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Aládùúgbò méjì, ọkùnrin kan (Tony Leung ló ṣe é) àti obìnrin kan (Maggie Cheung ló ṣe é), fura pé ọkọ eléyìí àti ìyàwó ọ̀hún ń yan ara wọn lálè. Ibẹ̀ ni àwọn náà ti ń sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀.

Ibi tó gbò mí jù ni ibi tí Maggie Cheung ti ń fi Tony Leung dánra wò, bó ṣe máa bi ọkọ ẹ̀ léèrè bóyá ó ní àlè. Eré lásán ni o, síbẹ̀ ẹkún gbọ̀n ọ́n.

Èmi náà ti dán irú ẹ̀ wò ní kíṣìnì, ìkòkò ọbẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bàbá àwọn ọmọ mi ò nà mí, kò febi pa mí. Àmọ́ ó tó oṣù mẹ́jọ báyìí, "ṣé ó ti jinná?" àti "wọ́n ti mú iná lọ" nìkan la ń bára wa sọ. Tó bá ń jẹun, á da ojú fóònù ẹ̀ dé sórí tábìlì.

Mo fẹ́ ká jọ wò ó, àmọ́ kó má lọ rò pé mò ń pòwe mọ́ òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú ẹ̀ kọjá, ṣé fíìmù ni kí n fi ṣáájú ni, àbí kí n kúkú bi í? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n yẹ fóònù ẹ̀ wò o.